Ta ló kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ wíwà lórí omi lágbàáyé: ti 1876, ti 1893 àbí ti 1962?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní ìdíje ọkọ̀ wíwà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè ti kojú ara wọn wáyé ní Ítálì lọ́dún 1893. Èmi kà á pé ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Hanlan ti gba adé àgbáyé ní 1880. Níbòmíràn mo tún rí i pé ọdún 1962 ni ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́. Èwo ni ká gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Kí ló sì dé tó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń dárúkọ? (Òǹkàwé kan láti Ẹ̀pẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ìdíje mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dà pọ̀ mọ́ra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọdún tirẹ̀. Adé tí Hanlan gbà ní 1880 jẹ́ ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ wíwà jẹun: ọkùnrin méjì a pàdé lórí omi, owó ńlá a wà nílẹ̀, ẹni tó bá borí a kó owó, a sì gba adé. Ti 1893 ní Ítálì ni àkọ́kọ́ tí àjọ tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ parapọ̀ dá sílẹ̀ máa ṣètò, ti ilẹ̀ Yúróòpù sì ni. Àjọ yẹn kan náà ló ṣe ti 1962, ìgbà yẹn ló sì kọ́kọ́ pe ìdíje rẹ̀ ní ti gbogbo àgbáyé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe Hanlan. Edward Trickett ni, ará Sydney ní Ọsirélíà, ọdún 1876 ló sì gbà á. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ dáadáa, torí ó máa ń dùn mí bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti 1893, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ti sọdá òkun lọ díje ọkọ̀ rí kó tó dìgbà náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí ọ̀sà mọ bí apẹja ṣe ń wa ọkọ̀: ó kọjú síbi tó ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sì fi di àjẹ̀ mú. Àwọn tí mò ń sọ yìí kẹ̀yìn síbi tí wọ́n ń lọ ni. Àjẹ̀ wọn gùn gan-an, wọ́n sì fi há ẹnu irin kan tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Irin yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọkọ̀ di tín-ín-rín láìdín agbára àjẹ̀ kù. Ẹni tó bá dá ọkọ̀ wà a di àjẹ̀ méjì mú. Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin tàbí ẹlẹ́ni mẹ́jọ, àjẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni, ẹnì kan tí ara rẹ̀ fúyẹ́ a sì jókòó nídìí ọkọ̀, òun nìkan ló ń rí iwájú, òun ló ń darí. Ní bí 1870 sí 1873 ni ohun tuntun kan wá dé: ìjókòó tó ń yọ́ lọ síwájú, tó ń yọ́ bọ̀ sẹ́yìn. Ṣáájú ìyẹn, ẹ̀yìn àti apá ni wọ́n fi ń fa àjẹ̀. Nígbà tí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, itan àti orúnkún náà dá sí i, ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ lè na ẹni tó tóbi jù ú lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn de ìgbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Hanlan.

Odò Thames nílùú London ni àṣà yìí ti gbilẹ̀. Láyé ìgbà tí afárá kò pọ̀ lórí odò náà, àwọn ọlọ́kọ̀ ló ń gbé èrò káàkiri. Ní 1715, Thomas Doggett, òṣèré orí ìtàgé kan tó jẹ́ ọmọ Ireland, gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù: ẹ̀wù kan pẹ̀lú àmì fàdákà ńlá lápá rẹ̀. Láti Afárá London dé Chelsea ni wọ́n ń wà á, wọ́n sì ṣì ń wà á títí dòní. Láàárín ara wọn ni ìyẹn. Ní 1831, Charles Campbell na John Williams, wọ́n sì ka Campbell sí ọ̀gá àwọn tó ń dá ọkọ̀ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gba adé yóò pe ẹni tó dé e níjà ní gbangba, ẹgbẹ́ méjèèjì yóò fi owó lélẹ̀, wọn yóò mú ọjọ́. Ní 1859, Robert Chambers láti Odò Tyne lápá àríwá gba adé náà lọ́wọ́ Harry Kelley, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ Thames. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin àti àwọn awakùsà ní Newcastle àti Gateshead fẹ́ràn eré yìí débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni í tò sétí odò lọ́jọ́ ìdíje.

Ìgbà wo ló wá di ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè? Lójú tèmi, ọdún 1867 ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní Paris lọ́dún náà, ìdíje ọkọ̀ sì wà lára rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin wá láti ìlú Saint John ní New Brunswick, nínú Kánádà tó di orílẹ̀-èdè lọ́dún yẹn gan-an: Robert Fulton, George Price, Samuel Hutton àti Elijah Ross. Iṣẹ́ ẹja pípa ló pọ̀ jù láàárín wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá wúwo, kò sì sí adarí nínú rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó ń fa àjẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Ìdíje méjì ni wọ́n wọ̀, méjèèjì ni wọ́n sì gbà. Nígbà tí wọ́n padà délé, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ni Ọlọ́kọ̀ Paris, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára títí ayé wọn.

Àwọn ọmọ Tyne kò lè fi irú ìròyìn yẹn sílẹ̀. Ní 1870 wọ́n kọjá sí Kánádà, wọ́n sì na Ọlọ́kọ̀ Paris ní Lachine, nítòsí Montreal. Ẹni tó ṣáájú wọn ni James Renforth, ẹni tó ti gba adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ Kelley ní 1868. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ, ọdún 1871, wọ́n tún pàdé, lórí Odò Kennebecasis lẹ́bàá Saint John. Wọn kò tíì lọ jìnnà tí àjẹ̀ Renforth fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ó sì ṣubú sẹ́yìn mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé e wá sétí odò, ó sì kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ariwo májèlé gba ìlú, torí owó tẹ́tẹ́ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kò fi májèlé hàn. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ sọdá òkun padà sí Gateshead, èrò tó sin ín kò lóǹkà. Àwọn ará Kánádà fi orúkọ rẹ̀ sọ àdúgbò tó wà létí odò náà, Renforth ló sì ń jẹ́ títí di òní. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1893, ọkùnrin yìí ni mo máa ń rántí, ẹni tó kú sẹ́nu rẹ̀ ní ọdún méjìlélógún ṣáájú.

Ẹ wá wo Trickett. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Sydney ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ dáadáa, apá rẹ̀ sì gùn. Ní 1876, àwọn tó gbà á gbọ́ ràn án lọ́wọ́ dé London, ó sì pe Joseph Sadler, ẹni tó dé adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níjà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, láti Putney dé Mortlake, ojú omi kan náà tí àwọn yunifásítì Oxford àti Cambridge ń lò títí dòní, Trickett na Sadler. Adé náà kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Sydney, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti yí padà: adé tó ti ṣeé gbà lọ sí ìkangun ayé kì í tún ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ìdí tí mo fi ní Trickett ni àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló tú jáde pàdé rẹ̀ nígbà tó délé.

Edward Hanlan, tí wọ́n ń pè ní Ned, ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Toronto ni wọ́n bí i sí ní 1855, orí erékùṣù tó dojú kọ ìlú náà ló sì dàgbà sí, bàbá rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ló ń wà sọdá lọ sílé ìwé. Kò ga, kò sì sanra. Bíi kílò 68 ni. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ lóye ìjókòó tó ń yọ́ yẹn délẹ̀. Àwọn yòókù ń lò ó, wọ́n sì tún ń fi ẹ̀yìn fa àjẹ̀ bí ti àtijọ́. Hanlan ní tirẹ̀ a ká ẹsẹ̀ jọ, a na apá síwájú dé ibi tó lè dé, a wá fi itan ta ara rẹ̀ sẹ́yìn láìyára jù, láìsí ìjàkadì. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í mì. Ní 1879 ó gba adé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tó ti yàtọ̀ sí ti àgbáyé nígbà náà, lórí Odò Tyne lọ́wọ́ William Elliott. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, 1880, ó kojú Trickett lórí Thames, kò sì pẹ́ tó fi yé gbogbo ayé pé kò sí ìjà níbẹ̀. Wọ́n ròyìn pé ó ń dúró de Trickett, ó ń juwọ́ sí èrò, ó tilẹ̀ ṣe bí ẹni tó dákú sínú ọkọ̀, kó tó tún gbéra. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń yìn ín fún èyí. Èmi kò lè yìn ín. Àwọn tó wà létí odò ti fi owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wọn lélẹ̀ fún eré náà, Trickett náà sì jẹ́ ọkùnrin tó rìn la òkun kọjá láti wá gbé adé rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè du ú. Ó yẹ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ló bà á jẹ́. Ní 1879, Hanlan fẹ́ bá ará Amẹ́ríkà kan, Charles Courtney, díje lórí adágún Chautauqua ní ìpínlẹ̀ New York. Ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn kan ló gbé dọ́là 6,000 kalẹ̀. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n ti fi ayùn rẹ́ ọkọ̀ Courtney. Hanlan nìkan ló wa ọkọ̀ lọ tó wà á bọ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹni tó rẹ́ ọkọ̀ náà. Irú nǹkan báyìí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fura sí gbogbo ìdíje tí owó bá wà nídìí rẹ̀.

Hanlan pàdánù adé rẹ̀ ní 1884 lórí Odò Parramatta ní Sydney, ẹni tó sì gbà á jẹ́ alágbẹ̀dẹ láti Dapto, William Beach. Hanlan padà wá bá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò rí i gbà. Nígbà tó yá lẹ́yìn Beach, ó di ti Henry Searle, ọmọkùnrin tó dára jù lọ tí odò yẹn rí. Ní 1889, Searle lọ na William O'Connor ará Kánádà lórí Thames, ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì pa á ní Melbourne lójú ọ̀nà ilé, ní oṣù kejìlá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún péré ni. Òpó òkúta tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un ṣì dúró nínú Odò Parramatta, ibi tí ìdíje máa ń parí sí.

Ẹ ó ṣe àkíyèsí irú èèyàn tí mò ń dárúkọ: apẹja, òṣìṣẹ́ ibi òkúta, alágbẹ̀dẹ. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń wa ọkọ̀, wọ́n ní ìdíje tiwọn ní ìlú Henley létí Thames láti 1839, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn wọ̀nyí dé ibẹ̀. Ní 1879, Henley kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ìyẹn oníṣẹ́ ọnà tàbí lébìrà, kò lè díje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba kọ́bọ̀ rí lórí ọkọ̀ wíwà. Wọ́n sọ pé nítorí tẹ́tẹ́ ni. N kò gbà. Tó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ni, wọn ì bá ti lé àwọn tó ń gbowó nìkan. Ní 1920, wọ́n dá John Kelly padà ní Henley, ará Philadelphia tó ti ṣiṣẹ́ bíríkìlà. Lọ́dún yẹn kan náà, Kelly gba góòlù ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Antwerp, Jack Beresford ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló sì nà. Ó di 1937 kí Henley tó yọ òfin yẹn kúrò.

A ti wá dé 1893 ti ẹ̀gbọ́n yín. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, ọdún 1892, ní Turin, àwọn aṣojú láti Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù, Ítálì, Switzerland àti Adriatica (àgbègbè Trieste tó wà lábẹ́ Austria nígbà náà) dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FISA. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà jíjìn tirẹ̀, irú ọkọ̀ tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀, tí ẹni tó borí ní Ghent kò fi lè mọ̀ bóyá òun lè na ẹni tó borí ní Geneva. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, 1893, wọ́n ṣe ìdíje wọn àkọ́kọ́ lórí adágún Orta ní Piedmont. Irú ọkọ̀ mẹ́ta péré ni: ti ẹni kan, ti ẹni mẹ́rin pẹ̀lú adarí, àti ti ẹni mẹ́jọ. Ìdíje àwọn tí kò fi ọkọ̀ wíwà gbowó ni, ìdí tí orúkọ irú àwọn Hanlan àti Beach kò fi sí níbẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lára àwọn márùn-ún tó dá a sílẹ̀, ó sì di ẹ̀yìn ogun àgbáyé kejì kó tó wọ àjọ náà.

Bí mo ṣe ń gbèjà àwọn ọlọ́kọ̀ tó, mo mọ rírì ohun tí wọ́n ṣe ní Orta. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò nílò olówó tó máa fi owó lélẹ̀ kó tó lè bá ilẹ̀ mìíràn díje. Ó sì di ohun tó ń wáyé lọ́dọọdún: Mâcon ní Faransé ní 1894, Ostend ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1895, Geneva ní 1896, títí ogun àgbáyé kìíní fi dá a dúró. Ẹ rántí pé ìdíje Òlíńpíìkì kò tíì sí nígbà tí wọ́n ṣe ti Orta. Ní Athens ní 1896, wọ́n fi ọkọ̀ wíwà sínú ètò, ojú ọjọ́ burú, wọn kò lè ṣe é. Paris ní 1900 ni ó ti kọ́kọ́ wáyé. Àwọn ọmọ Netherlands rí i níbẹ̀ pé adarí ọkọ̀ wọn ti sanra jù, wọ́n sì fi ọmọdékùnrin Faransé kan rọ́pò rẹ̀, wọ́n gba ìdíje náà. Wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ti 1962 kò gùn. Ó wáyé ní Lucerne, lórí adágún Rotsee ní Switzerland. Irú ọkọ̀ méje ni wọ́n du. Jámánì, tí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ jọ wá gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ kan, gba márùn-ún, Faransé gba ti ẹni méjì alájẹ̀ méjì-méjì, Vyacheslav Ivanov láti Soviet sì gba ti ẹni kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é, kó tó di ọdọọdún láti 1974.

Ẹ béèrè ìdí tó fi jẹ́ ọkùnrin nìkan. Kì í ṣe pé obìnrin kò wa ọkọ̀ láyé ìgbà náà. Àwọn tó kọ òfin ni kò fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Láti Orta ní 1893, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta gbáko kọjá kí àjọ náà tó fi ìdíje obìnrin sínú ti Yúróòpù, ní Amsterdam ní 1954. Ti àgbáyé gbà wọ́n ní 1974, Òlíńpíìkì gbà wọ́n ní Montreal ní 1976. Síbẹ̀, mítà 1,000 ni wọ́n ń jẹ́ kí àwọn obìnrin wà, nígbà tí ọkùnrin ń wa 2,000. Ó di 1985 kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbọọgba. Chierika Ukogu, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣojú Nàìjíríà nínú ọkọ̀ wíwà ní Òlíńpíìkì, dé Rio ní 2016, ó dá ọkọ̀ wà, mítà 2,000 náà ló sì wà.